Ìkìlọ̀ Ẹ̀rọ Kì í Ṣe Ìwọ̀sí fún Dókítà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí àwọn tó ń pa á kì í sábà dáhùn. Bí ẹni tí igi fẹ́ gún lójú bá wà ní ìdùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí kò lè dìde, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé igi kankan wà nítòsí, ta ni yóò bá a wò ó lókèèrè? Dókítà ni gbogbo ayé yóò dárúkọ. Bí dókítà náà bá ní ogún aláìsàn mìíràn lọ́rùn, tí gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lórí àrùn tó gbé ẹni náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó sì gbàgbé láti wo igi ńkọ́? Níbi ìbéèrè kejì yìí ni ìjà wà. Àwọn kan ti rí ohun tó lè ta dókítà lólobó, àwọn mìíràn sì ń bínú sí ohun náà bí ẹni pé èébú ni wọ́n fi bú wọn.

Igi tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ má dì rárá. Bí kì í bá dì, ọgbẹ́ ìka lásán ìbá ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ àánú ní ojú ọgbẹ́ lè di ikú nínú iṣan. Orúkọ oníṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, tí wọ́n bí ní ọdún 1821, ni wọ́n so mọ́ ẹ̀kọ́ náà pé ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ: kí ìṣàn rẹ̀ falẹ̀, kí iṣan tó ń gbà kọjá fara pa, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì yí padà débi pé dídì yá a lára.

Ẹ wá wo ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ìdùbúlẹ̀. Ọ̀bẹ ti kan iṣan rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mira, bẹ́ẹ̀ ìmira ẹsẹ̀ ni ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gòkè padà sí ọkàn. Ara rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ tó wà níbẹ̀, ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di èyí tó tètè ń dì. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ yóò dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà bí ẹ̀kọ tó tutù nínú ewé, nígbà mìíràn láìsí ìrora, láìsí wíwú tí ojú lè rí. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá mókun díẹ̀, tí wọ́n ní kí ó dìde kí ó fẹsẹ̀ rìn, ìṣù ẹ̀jẹ̀ yìí lè já kúrò ní ibùdó rẹ̀, kí ó bá ìṣàn gòkè, kí ó gba inú ọkàn kọjá, kí ó sì lọ há sí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá tóbi, èémí yóò há, àyà yóò fún, ẹni tó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe àwàdà ní wákàtí kan sẹ́yìn yóò sì di ẹni tí wọ́n ń fi aṣọ bò lójú.

Láàárín àwọn Yorùbá, irú ikú báyìí kì í ṣàìní ẹni tí wọn yóò dì í rù. Orogún ni, tàbí àbúrò bàbá, tàbí ìyá arúgbó kan tó wá kí aláìsàn lánàá. "Wọ́n ti ṣe é" ni ariwo tí yóò gba ilé kan. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àwọn tó kàwé pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò gbé gèlè àti agbádá dúdú lọ síbi òkú, tí wọn yóò padà délé láì bi ilé ìwòsàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni pé ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n. Heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ti di mímọ̀ láti ọdún 1916. Ní ọdún 1975, ìwádìí ńlá kan tí Vijay Kakkar ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ aṣáájú rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet. Àwọn aláìsàn 4,121 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ń fún apá kan ní heparin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ, wọn kò fún apá kejì. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn òkú wò, ènìyàn 16 ni ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró ti pa nínú àwọn tí wọn kò fún ní oògùn. Nínú àwọn tí wọ́n fún, ènìyàn 2 péré ni. Ta ni yóò ka irú èyí tí kò ní gbà pé ọ̀ràn ti parí?

Ọ̀ràn kò parí. Àwọn olùwádìí yẹ ìwé àwọn aláìsàn tó lé ní 68,000 wò ní ilé ìwòsàn 358 ní orílẹ̀-èdè 32, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2008. Nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n sì wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ dídì, 58.5 ni wọ́n dáàbò bò bó ti yẹ. Nínú 100 àwọn tí àìsàn gbé wá láìsí iṣẹ́ abẹ, tí àwọn náà sì wà nínú ewu, 39.5 ni. Ọdún 33 ló ti kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ Kakkar.

Ṣé àwọn dókítà wọ̀nyí kò kàwé ni? Wọ́n kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá èyíkéyìí mọ bí ó ti ń rí. Bí olùkọ́ bá bi í ní òfin àmì ohùn, yóò kà á bí ẹni ń ki oríkì; ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó ti àròkọ olójú-ìwé mẹ́rin, kò ní í tíì dé ojú ìwé kejì tí àmì yóò ti máa já bọ́ lórí ọ̀rọ̀ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àìmọ̀ kọ́. Ọkàn rẹ̀ ti bá ìtàn tó ń sọ lọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn dókítà ṣe ń bá àrùn lọ. Aláìsàn tí jẹjẹrẹ inú ń yọ lẹ́nu ni wọ́n gbé wá bá a. Inú ni ó ń tọ́jú, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò ké, ni kò fi gbọ́.

Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣe wá ohun tí yóò bá ẹsẹ̀ ké. Ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní ìlú Boston kì í ṣe ilé ìwòsàn ìgbèríko. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí Yunifásítì Harvard ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni Nils Kucher, Samuel Goldhaber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ètò kan kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà ti mọ ohun púpọ̀ nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn tó ti ṣe é rí, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un, oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀ fún un. Wọ́n wá kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìṣirò. Àrùn jẹjẹrẹ gba máàkì 3. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí gba 3, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àbùdá títètè dì náà gba 3. Iṣẹ́ abẹ ńlá gba 2. Ọjọ́ ogbó, ara sísanra jù, àìdìde lórí ibùsùn, àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí àwọn obìnrin ń lò gba 1 kọ̀ọ̀kan. Bí àròpọ̀ bá ti dé 4, ẹ̀rọ yóò yẹ ìwé oògùn ẹni náà wò. Bí kò bá rí ohunkóhun níbẹ̀ tí dókítà pàṣẹ láti fi dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, ìkìlọ̀ yóò yọ sí ojú ẹ̀rọ níwájú dókítà náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó kù. Dókítà náà kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí ìkìlọ̀. Dandan ni kí ó jẹ́wọ́ pé òun ti rí i. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà. Ó lè kọ oògùn. Ó lè ní kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ fún aláìsàn, tàbí kí wọ́n so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èyí tó ń fún ẹsẹ̀ tí ó sì ń tú u sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn. Ó sì lè má pàṣẹ ohunkóhun. Aláìsàn tí jẹjẹrẹ inú ń yọ lẹ́nu, tí kò lè dìde, ti ní 3 àti 1. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí ẹni bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn aláìsàn 2,506 tí máàkì wọn ti dé 4, tí wọn kò sì tíì pàṣẹ ìdáàbòbò kankan fún, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Ìkìlọ̀ jáde sí àwọn dókítà nítorí àwọn 1,255. Nítorí àwọn 1,251 yòókù, ẹ̀rọ mọ̀ ṣùgbọ́n kò sọ. Èsì rẹ̀ jáde nínú oṣù kẹta ọdún 2005 nínú The New England Journal of Medicine. Níbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, 14.5 nínú 100 ni wọ́n rántí dáàbò bò. Níbi tí ó ti sọ̀rọ̀, 33.5 ni. Láàárín 90 ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ dì sí iṣan tàbí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn 103 nínú àwọn tí ẹ̀rọ kò kìlọ̀ fún dókítà wọn, ó sì dì sí ti ènìyàn 61 nínú àwọn tí ó kìlọ̀ nítorí wọn. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ènìyàn 42. Kò sí oògùn tuntun kankan níbẹ̀. Kò sí ìmọ̀ tuntun. Ohun tí dókítà kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n rán an létí.

Báyìí ni ó ti yẹ kí àwọn tó ń pe ìkìlọ̀ ní ìwọ̀sí dáhùn. Wọ́n ní oníṣègùn tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò kí àpótí onígíláàsì máa kọ́ òun. Ó dára. Nígbà tí àpótí náà dákẹ́ ní Boston, ní ilé ìwòsàn tí Harvard ń lò, ṣé àwọn tó ti lo ogún ọdún kò sí níbẹ̀ ni? 14.5 nínú 100 ni ìdáhùn. Iye náà kò fi ẹnikẹ́ni hàn bí òpè. Ó fi gbogbo wọn hàn bí ènìyàn. Kí ni ìtìjú tó wà nínú kí ènìyàn gbàgbé? Ìtìjú ni kí wọ́n rán an létí kí ó sì gbaná jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi ìgbéraga, ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn babaláwo, bí ẹnì kan bá ń kì ẹsẹ Ifá tí ó sì fo ibì kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi ojú fò ó nítorí pé ó jẹ́ àgbà. Wọn yóò dá a dúró, yóò sì tún un kì. Kò sí ẹni tí yóò jáde níbẹ̀ kí ó máa sọ pé wọ́n bú òun. Ẹni tó wá dá Ifá ni ó ni ọ̀ràn, orí ẹni yẹn sì ni àṣìṣe yóò já lé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè. Òwe náà kò sọ pé ọgbọ́n ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti ẹnu ènìyàn jáde.

Àwọn mìíràn wà tí àtakò wọn ní láárí ju ti onígbèéraga lọ. Wọ́n ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun láìdá, pàápàá lára ẹni tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tàbí ẹni tí ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kò fi kọ oògùn fúnra rẹ̀, tí ó fi àṣẹ sílẹ̀ fún ẹni tó rí aláìsàn lójú. Ní Boston, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le kò pọ̀ níbi tí ìkìlọ̀ wà ju ibi tí kò sí lọ. Bí ẹ̀rù bá sì ṣì ń ba dókítà, ìbọ̀sẹ̀ àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà, èyí tí kò ní oògùn nínú rárá. Níbi tí wọn kò ti kìlọ̀, 1.5 nínú 100 péré ni wọ́n rántí fún ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Níbi tí wọ́n ti kìlọ̀, ó di 10. Ẹni tó ń sá fún ìsun ẹ̀jẹ̀ kò ní àwáwí kankan fún ẹsẹ̀ tó wà níhòòhò.

Wọn a tún máa sọ pé iye àwọn tó kú láàárín 90 ọjọ́ náà kò yàtọ̀ níhà méjèèjì. Òótọ́ tún ni, kò sì yẹ kí ẹni tó ń gbèjà ìkìlọ̀ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn wo ni wọ́n? Púpọ̀ nínú wọn ni jẹjẹrẹ ti mú débi tí kò sí bọ̀sẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé nítorí pé àìsàn mìíràn yóò pa ènìyàn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kù ú kù láyé? Ẹni tí kò lè mí dáadáa kò lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ní ti àwọn tó ní ènìyàn ni kí ó máa kìlọ̀ fún ènìyàn, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti dán èyí náà wò. Ní ilé ìwòsàn 25 ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aláìsàn 2,493, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ó ń kàn sí dókítà fúnra rẹ̀ pé ẹni báyìí wà nínú ewu. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ìdáàbòbò pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, láti nǹkan bí 21 nínú 100 sí 46. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà dín, láti 3.4 nínú 100 sí 2.7, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré débi pé àwọn olùṣèwádìí fúnra wọn kò lè búra pé kì í ṣe èèṣì. Kò burú. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ, kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa sùn, a máa lọ jẹun, a máa bẹ̀rù ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì kékeré tó mọ̀ pé dókítà àgbà yóò jágbe mọ́ òun lè gbé ìkìlọ̀ mì bí ẹni gbé itọ́ mì. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá.

Àtakò kan ṣoṣo ló kù tó yẹ kí ó da oorun rú lójú àwọn tó fẹ́ràn ìkìlọ̀. Òun ni ti ariwo. Ilé ìwòsàn tó bá ti rí i pé ẹ̀rọ lè kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í mọ ibi tó yẹ kí ó dúró. Yóò ní kí ó máa kìlọ̀ nípa oògùn méjì tí kò bára mu, nípa àyẹ̀wò tí wọn kò ṣe, nípa ìwé tí wọn kò fọwọ́ sí, nípa ọjọ́ orí, nípa ìwọ̀n ara, títí dókítà yóò fi máa tẹ bọ́tìnnì láì ka ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe àkójọ ìwádìí lórí ìkìlọ̀ oògùn ní ọdún 2006 rí i pé láti 49 títí dé 96 nínú 100 irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń gbójú fò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi gbogbo ọjọ́ pariwo mọ́ kò ní í gbọ́ lọ́jọ́ tí ejò bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ tó ti jáde lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mọ kíláàsì tí wọ́n ti lu tábìlì títí tí tábìlì kò fi jẹ́ nǹkan kan mọ́ létí ọmọ.

Ẹ̀bi ta wá ni? Àwọn ọ̀tá ìkìlọ̀ yóò sọ pé ti ẹ̀rọ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀bi àwọn alákòóso tó ń ra ìkìlọ̀ bí ẹni ra ata ni, tí wọ́n rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò gbéṣẹ́ tó. Èyí tí wọ́n ṣe ní Boston kò rí bẹ́ẹ̀. Kò yọ sójú fún gbogbo aláìsàn. Ó dúró dìgbà tí máàkì bá pé 4, ó sì dúró dìgbà tí ó bá rí i dájú pé dókítà kò tíì ṣe nǹkan kan. Dókítà tó ti rántí fúnra rẹ̀ kò ní í gbọ́ ohùn rẹ̀ láé. Bí ilé ìwòsàn kan bá fẹ́ fi ìkìlọ̀ kún ti àná, kí ó kọ́kọ́ wá mẹ́wàá tí yóò pa lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé irú àlàyé báyìí láàárín àwọn ènìyàn dúdú ni pé ti Òyìnbó nìyẹn, níbi tí iná kì í kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ó sì ń dá ọ̀lẹ láre. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ètò ìlera ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kéde ní ọdún 2005 pé nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n kó ní ilé ìwòsàn ń pa lọ́dún kan, èyí tí wọ́n ìbá dènà. Ohun tí wọ́n ṣe láti ọdún 2010 kì í ṣe idán. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yẹ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì wò lára ó kéré tán 90 nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n bá gbà sílé, wọ́n sì so owó mọ́ ọn: èyí tí kò bá dé ibẹ̀, owó rẹ̀ yóò dín. Ìwé pélébé olójú kan ti tó fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, fáìlì oníwèé ni wọ́n ṣì ń gbé láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Kí ni ó ní kí wọ́n má lẹ ìwé aláwọ̀ pupa kan mọ́ iwájú fáìlì náà, kí máàkì wà níbẹ̀, kí àyè sì wà fún ìfọwọ́sí dókítà? Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà Boston ń ṣe kò ju èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe lọ. Ìwé kò ní í pariwo bí ẹ̀rọ, ó sì lè sọnù. Ṣùgbọ́n ó sàn ju òfìfo lọ, òfìfo ni ó sì wà níwájú fáìlì púpọ̀ lónìí.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yin ètò Boston gbọ́dọ̀ padà wo iye kan tí àwọn tó ń yìn ín máa ń yára kọjá. 33.5 nínú 100 ni wọ́n dáàbò bò lẹ́yìn ìkìlọ̀. 66.5 ńkọ́? Nítorí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ìkìlọ̀ ṣe yọ sójú ẹ̀rọ. Nítorí ẹni kọ̀ọ̀kan ni dókítà kan ṣe jẹ́wọ́ pé òun rí i. Lẹ́yìn náà, ó kọjá lọ. Nínú wọn, a kò gbọdọ̀ ṣàìrí àwọn tí ìdí gidi wà fún: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun lára rẹ̀, ẹni tó ń lọ sílé lọ́la, ẹni tó ti sọ pé òun kò fẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè sun lára ènìyàn kí ó sì tún wọ ìbọ̀sẹ̀. Nípa àwọn yòókù, gbàgbé kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti rán an létí, ó rántí, ó sì yàn láti má ṣe é.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ìjà náà gbà báyìí, dípò kí ó dúró sórí bóyá ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti bá dókítà sọ̀rọ̀. Kí bọ́tìnnì tí dókítà ń tẹ láti kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ má ṣe gbà á láìjẹ́ pé ó kọ ìdí rẹ̀, ní gbólóhùn kan, sí inú ìwé aláìsàn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ lálẹ́ lè kà á. Bí aláìsàn náà bá sì ṣubú nígbà tí ó ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè béèrè ìwé náà, kí wọ́n rí gbólóhùn náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyá arúgbó tó wá kí i.